Mo Ní Ojú Àlá Ni Mo Ti Rí Àpótí Ọ̀gá Mi

Kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí n fúnra mi sọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní Ṣakí báyìí. Samsu Àlá ni. Àwọn ọlọ́kadà ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá dúró létí títì, ọ̀kan nínú wọn á rọra tẹ fèrè, á ní, "Àlá, ṣé kí n gbé ọ délé kí o lọ sùn díẹ̀?" Màá rẹ́rìn-ín, màá sì gun ọ̀kadà rẹ̀. Àfọwọ́fà ni, n kò lè bínú sí ẹnikẹ́ni.

Samsudeen ni bàbá mi sọ mí. Káfíńtà ni mí, mo sì mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ìyẹn gan-an ló kó bá mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọ lọ́dọ̀ Bàbá Ìyápọ̀, arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó ṣì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fá pákó. Lọ́jọ́ tí mo ṣe fírídọ̀mù, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúà fún mi débi pé omi bọ́ lójú ìyá mi. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi ẹnu mi ba orúkọ rẹ̀ jẹ́.

Àpótí kan ló fà á. Yàrá Bàbá Ìyápọ̀ ló wà. Nígbà tí bàbá náà wà lọ́dọ̀ọ́, ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan tí wọ́n ti ń ṣe àga àti tábìlì sí àwọn ilé tuntun táwọn òyìnbó ń kọ́ nígbà náà. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú àpótí náà. Nígbà tó padà wálé, ó ṣe ọ̀kan fún ara rẹ̀.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé wọn ò tíì ṣe é tán. Dúrọ́ọ̀ márùn-ún ni, ọ̀kan lórí èkejì. Kò ní òdòdó gbígbẹ́, kò ní dígí, kò ní irin kankan tí èèyàn á fi fà á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin tín-ín-rín bíi ti ewúrẹ́, wọ́n sì ga tó fún ìgbálẹ̀ láti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ara pákó kan ṣoṣo ni bàbá ti gé iwájú dúrọ́ọ̀ márààrún, tó fi jẹ́ pé ìlà inú igi náà ń bá ara wọn lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí o bá fẹ́ ṣí i, wàá ki ìka bọ abẹ́ etí dúrọ́ọ̀, níbi tí ó ti fá a wọnú díẹ̀, á sì tẹ̀ lé ọ wá jẹ́jẹ́.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, yẹ̀yẹ́ ni mo máa ń fi ṣe. Mo ní ìhòòhò ló wà. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí kò bá ti ní òdòdó lára, iṣẹ́ òtòṣì ni. Àfìgbà tí mo ra fóònù ńlá, tí mo rí i bí àwọn òyìnbó ṣe ń ya fọ́tò irú rẹ̀ kiri, tí wọ́n ń pè é ní iṣẹ́ àwọn àgbà, tí wọ́n ń bẹ ara wọn wò nítorí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Àwọn ojú kan wà tó jẹ́ pé òyìnbó ló gbọ́dọ̀ bá wọn là á.

Ní Dìsẹ́ńbà, Alhájì Ládòkun dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ìyápọ̀. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti kékeré. Alhájì yìí ló fi iṣu Ìgbòho àti ti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kọ́ ilé mẹ́ta. Kọ́bọ́ọ̀dù yàrá rẹ̀ kún fún ọnà, kìnnìún méjì sì wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń yanu. Nígbà ọyẹ́, eruku á kún inú irun àwọn kìnnìún yìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin á máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín yọ ọ́. Irin ara dúrọ́ọ̀ rẹ̀ sì ti fa jalábíà mẹ́ta ya mọ́ ọn lára. Ó wo àpótí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i.

"Ìyápọ̀," ó ní, "gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń wá ohun tí kò ní máa dí mi lọ́wọ́. Ṣe ọ̀kan fún mi."

Bàbá ní òun á ronú sí i. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ yá irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rán mi níṣẹ́ sí Alhájì.

"Sọ fún un pé igi ń bẹ, ṣùgbọ́n igi náà kò tíì rí òjò. Ó di ẹ̀yìn Iléyá. Kó ṣe sùúrù fún mi."

Gbogbo iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè jẹ́ ẹ kó sì padà wálé láìsí wàhálà.

Mo bá Alhájì lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún un bí wọ́n ṣe rán mi. Ó mi orí.

"Ẹ̀yìn Iléyá. Samsu, ikú kì í dúró de igi o. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo fẹ́ kó sínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Alhájì."

"Aṣọ tí wọ́n máa fi sin mí. Mo rà á ní Mẹ́kà, mo fi ọwọ́ ara mi fi omi Sàmúsámù fọ̀ ọ́. Inú àpótí irin ló wà, ìpẹtà sì ti fẹ́ dé ibẹ̀. Mo ti sọ fún Lèmọ́mù, mo ti sọ fún àwọn ọmọ pé òun ni kí wọ́n wọ̀ fún mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ wọ́n nìyẹn."

Àwọn kan máa ń sọ pé Ṣàìtánì ló ti àwọn. Ẹ má bá mi dá Ṣàìtánì lẹ́bi. Bóyá ó tiẹ̀ sùn lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo rí i pé iṣẹ́ ńlá wà níwájú mi, ọ̀nà kò sì jìn, àfi kí n yọ arúgbó kan kúrò lójú ọ̀nà.

"Alhájì," mo ní, "ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Igi wà. Bàbá ni kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́."

"Kí ló ṣe é?"

"Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n. Ẹ tún àpótí tiwọn gan-an wò dáadáa. Àlàfo ló wà láàárín gbogbo dúrọ́ọ̀ yẹn. Aáyán lè gbabẹ̀ wọlé lọ ṣèpàdé."

Alhájì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi nínú ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, Alhájì. Bébà gan-an ò ní ráyè kọjá láàárín tèmi."

"Ìyápọ̀ kò ní bínú?"

"Wọ́n ti ní kí n bá yín ṣe é. Ojú ló ń tì wọ́n láti sọ ọ́ fún yín. Tí ẹ bá sì gbọ́ ohun mìíràn lẹ́nu wọn lẹ́yìn ọ̀la, ẹ mọ̀ pé àgbà náà máa ń jowú."

Ẹ wò ó bí mo ṣe pa á pọ̀: irọ́ náà, àti ìdáhùn sí ẹni tó bá fẹ́ já a. Lẹ́yìn náà mo gun ọ̀kadà padà sọ́dọ̀ Bàbá Ìyápọ̀, mo ní, "Alhájì ní kò séwu, àwọn á dúró." Bàbá ní kí Ọlọ́run ṣe mí lóore. Mo ṣe àmín.

Ọyẹ́ ọdún yẹn le. Ètè gbogbo ayé là, pákó ọ̀gánwó tí mo rà gbẹ kanrangandan. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, mo ń ṣiṣẹ́. Mo rántí gbogbo àpótí bàbá náà: ẹsẹ̀ rẹ̀, etí rẹ̀ tó fá wọnú, pákó kan ṣoṣo tó fi ṣe iwájú rẹ̀. Ohun méjì péré ni mo yí padà, nítorí pé mo gbọ́n.

Bí Bàbá Ìyápọ̀ bá ń ṣe dúrọ́ọ̀ nígbà ọyẹ́, á fa ẹyọ ọwọ̀ méjì yọ lára ìgbálẹ̀, á tì wọ́n pọ̀ bọ àlàfo òkè dúrọ́ọ̀. Bí wọn ò bá lọ geere, á tún un fá. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò ló ń ṣe é, ẹyọ kan tó. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń wò ó, n kò bi í léèrè ìdí rẹ̀ rí. Mo gbà pé àṣà arúgbó ni. Ẹ̀yìn àpótí ńkọ́? Ìṣó oníyíyí mẹ́rin ló fi máa ń dè é, kì í kan gúlúù rárá. Ìyẹn, mo gbà pé ó láhun gúlúù ni.

Èmi kò wá ọwọ̀ kankan lọ. Mo fá dúrọ́ọ̀ mi títí ó fi há sí àyè rẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo da gúlúù sí ẹ̀yìn, mo tún kan ìṣó mọ́ ọn yíká.

Ọjọ́ tí a gbé e dé ilé Alhájì, èrò pé. Mo ní kí wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀ méjì sílẹ̀ díẹ̀. Mo wá ti èyí tó wà lókè wọlé, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, ló bá ti èkejì jáde fúnra rẹ̀. Àwọn èèyàn pariwo. Alhájì fi ọwọ́ pa á lára, ó wá tẹ́ aṣọ Mẹ́kà rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ níṣojú gbogbo wa, ó ní, "Ó parí. Ọkàn mi balẹ̀."

N kò lè gbàgbé bó ṣe sọ ọ́. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà, mo sì kórìíra ara mi nísinsìnyí nítorí ayọ̀ yẹn.

Fọ́tò àpótí náà rìn. Ó dé Ìṣẹ́yìn, ó dé Ìràwọ̀. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ní kí n wá sọ̀rọ̀. Mo wọ aṣọ lésì lọ sí rédíò, bíi pé wọ́n máa rí mi. Ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ní, "Ọ̀gbẹ́ni Samsudeen, níbo lẹ ti rí irú àwòrán yìí?"

Mo lè sọ pé lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni.

"Ojú àlá ni," mo ní. "Mo sùn, mo sì rí i bó ṣe dúró."

Bí mo ṣe délé, ìyàwó mi Jùmọ̀kẹ́ ń ṣa ìrẹsì. Kò gbé ojú sókè. "Baálé mi," ó ní, "ẹ̀gbẹ́ mi lẹ máa ń sùn sí. Àpótí tí ẹ lá àlá rẹ̀ yìí, ṣé kì í ṣe èyí tó wà ní yàrá Bàbá Ìyápọ̀?"

Mo ní kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ọnà.

Mo wá kọ "Samsu Dìsáínà" sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí mo fi pàdé Bàbá Ìyápọ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò bú mi.

"Mo gbọ́ ohùn rẹ lórí rédíò," ó ní. "Ẹyọ ọwọ̀ mélòó lo fi sílẹ̀?"

"Bàbá, ayé ti yí padà. Àlàfo ò sí nínú iṣẹ́ òde òní."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?"

"Gúlúù ni."

"Ó dáa," ó ní, ó sì wọ bàtà rẹ̀.

Nígbà tó yá ni mo gbọ́ pé ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ó ní, "Ládòkun, kí òjò tó dé, yọ aṣọ rẹ kúrò níbẹ̀." Alhájì sì rántí ohun tí mo ti sọ nípa owú. Ó ní, "Ìyápọ̀, jẹ́ kí ọmọdé náà jẹun." Ọ̀rẹ́ ọgọ́rin ọdún, wọn ò bẹ ara wọn wò mọ́ fún oṣù márùn-ún. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ìyẹn náà.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní Éépìrì. Ẹni tó kọ́kọ́ pè mí ni Waheedat, àkọ́bí Alhájì, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Sódìq. Òun ló máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ irun kìnnìún.

"Samsu, dúrọ́ọ̀ òkè yìí ti ń le."

"Ẹ fi àbẹ́là pa á létí, mà."

Ní oṣù Méè, ó tún pè. "Dúrọ́ọ̀ kejì náà ti dara pọ̀ mọ́ ọn."

"Mà, bí ẹ ṣe ń fà á ni kò dáa. Iṣẹ́ òde òní ni, sùúrù ni wọ́n fi ń fà á."

"Samsu, ọwọ́ ni mo ní. Ibo ni kí n ti fi sùúrù dì í mú, nígbà tí kò níbi ìdìmú?"

Mo ní fóònù mi fẹ́ kú.

Lẹ́yìn Iléyá, dúrọ́ọ̀ márààrún ti di ara wọn mú. Alhájì fúnra rẹ̀ dá mi dúró lọ́nà. Ó ti rù díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí tó wà nísàlẹ̀ kò ṣí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wá bá mi wò ó."

Ọjọ́ yẹn ni ó yẹ kí n lọ. Mo ti mọ̀ nígbà yẹn. Igi tí ọyẹ́ gbẹ ti mu omi, ó ti wú, kò sì sí àyè tí ó máa wú sí. Ẹyọ ọwọ̀ méjì Bàbá Ìyápọ̀ ti yé mi yékéyéké. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n yọ ọ́, àfi kí n fọ́ ọ, bí mo bá sì fọ́ ọ, Dìsáínà dà? Mo wá fi àwàdà bò ó.

"Alhájì, ṣebí ẹ ò tíì fẹ́ rìnrìn àjò lónìí? Tí ọyẹ́ bá dé, á ṣí fúnra rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rín. "Ọjọ́ ìrìn àjò, èmi kọ́ ni mò ń mú un o," ó ní.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí i lókèèrè, màá yà sí kọ̀rọ̀.

Ní Sẹ̀tẹ́ńbà, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, fóònù mi dún.

"Samsu," Ìyá Sódìq wí, ohùn rẹ̀ gbẹ. "Bàbá ti lọ. Wá ṣí dúrọ́ọ̀."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú inú wò ó. Wọ́n ti ń gbé omi ìwẹ̀ òkú kaná. Lèmọ́mù ti ní kété tí a bá kírun Jímọ̀ tán, a ó kírun sí i lára, a ó sì sin ín. Àwọn èèyàn kún àgbàlá, wọ́n jókòó lábẹ́ tapólì. Alhájì wà lórí ẹní ní yàrá kan. Ní yàrá kejì, èmi àti àpótí mi ń wo ara wa.

Mo ki ìka bọ abẹ́ etí dúrọ́ọ̀, mo fà á. Mo fi ẹsẹ̀ ti ògiri, mo fà á. Gbogbo àpótí náà tẹ̀ lé mi wá síwájú, dúrọ́ọ̀ kò mira. Mo fi àbẹ́là pa á, mo fi ọ̀bẹ sí i, ọ̀bẹ ṣẹ́. Mo ní kí wọ́n bá mi wá áyọ́ọ̀nù eléédú, bóyá ooru lè mú igi náà gbẹ. Bí mo ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù ra iwájú rẹ̀, ìyá àgbà kan lójú fèrèsé béèrè lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Aṣọ ni wọ́n ní kó wá mú, àbí wọ́n ní kó wá lọ àpótí?"

Lèmọ́mù wọlé. "Samsudeen, agogo mọ́kànlá ti lù."

"Ó kù díẹ̀, Alfa."

"Ṣí i láti ẹ̀yìn."

"Mo fi gúlúù kàn án."

"Kí ló dé tí o fi gúlúù kàn án?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé nítorí kí ó lè lẹ́wà níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò?

Ìyá Sódìq ló jáde lọ, tó sì mú Bàbá Ìyápọ̀ wọlé. Òun náà ti wà láàárín àwọn tó jókòó, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó fi èékánná àtàǹpàkò rìn lẹ́bàá dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún. Kò tilẹ̀ rí ibi tí èékánná lè gbà.

"Samsu," ó ní láìwo ojú mi, "iṣẹ́ wo ni mo rán ọ sí Ládòkun?"

Àwọn tó wà lójú fèrèsé na ọrùn wọlé.

"Ẹ ní igi ń bẹ, ṣùgbọ́n kò tíì rí òjò. Ẹ ní ó di ẹ̀yìn Iléyá."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Mo ní ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é."

"Èmi ńkọ́, kí lo sọ fún mi?"

"Mo ní Alhájì ní àwọn á dúró."

Ẹnìkan pòṣé lójú fèrèsé. Lèmọ́mù sọ pé, "Astagfirulláà." Ìyá Sódìq wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì gbé ohùn rẹ̀ sókè rárá.

"O sọ lórí rédíò pé ojú àlá lo ti rí i," ó ní. "Ẹní wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Dùbúlẹ̀, kí o lá bí wọ́n ṣe ń ṣí i."

Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá wọ̀ ọ́. Kò lanu. Bàbá Ìyápọ̀ ní kí a yí àpótí náà padà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kojú sí wa.

"Ṣísẹ̀lì ni kí o fi ṣe é," ó ní. "Máa fi yọ gúlúù yẹn díẹ̀díẹ̀ létí. Má fi ayùn sí i. Aṣọ ń bẹ níwájú rẹ."

Mo fi ṣísẹ̀lì bẹ̀rẹ̀. Gúlúù náà kò gbà. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe láyé mi, n kò tíì fi gúlúù lẹ nǹkan tó dára tó ẹ̀yìn àpótí yẹn. Òógùn ń bọ́ lójú mi. Mo gbọ́ ìpè ìrun àkọ́kọ́ láti mọ́ṣáláṣí. Lèmọ́mù yọjú lẹ́ẹ̀kan, ó tún yọjú. Bàbá Ìyápọ̀ jáde lọ ṣe àlùwàlá.

Ó jáde báyìí, mo sì gbé ayùn. Mo sọ fún ara mi pé díẹ̀ báyìí, pé mo mọ ọwọ́ mi. Ọkùnrin tí àṣírí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú yìí náà ni o, ó ṣì mọ̀ ju ọ̀gá rẹ̀ lọ.

Ayùn wọlé. Ó dún gbàrà-gbàrà lára igi, lẹ́yìn náà, dídún rẹ̀ yí padà. Ó rọ̀. Mo dá ọwọ́ dúró, ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí mo gé.

Nígbà tí pákó náà ṣí, a yọ aṣọ jáde. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n ń tú u. Bó ṣe ń tú ni ihò ń yọ. Nítorí pé a ti ká a ní ọ̀nà púpọ̀, ibi kan tí mo gé ti di ihò mọ́kànlá, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn láti ibi ẹsẹ̀ dé ibi orí. Ìyá Sódìq kúnlẹ̀ tì í, ó ń fi ìka kan ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà ló tó sunkún.

Lèmọ́mù ní, "Aṣọ funfun ni ẹ̀sìn béèrè, Ìyá Sódìq. Ọlọ́run mọ àníyàn rẹ̀."

Èmi ni mo gun ọ̀kadà lọ sọ́jà. Mo ra aṣọ funfun lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń tà á pẹ̀lú ọ̀dà àti okùn. Òun ni wọ́n fi sin Alhájì Ládòkun, ọkùnrin tí ohun kan ṣoṣo tó bẹ ayé kò ju kí wọ́n wọ aṣọ ara rẹ̀ fún un.

Ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn fìdáù, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ìyápọ̀ ní iwájú ilé rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ́, ó ń fá pákó rẹ̀ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí nítorí mo jí iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé ìfági kalẹ̀.

"Ta ló ń bínú pé o jí i? Èmi náà, mo jí i ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi n'Íbàdàn jí i lọ́wọ́ òyìnbó, èmi sì jí i lọ́wọ́ ọ̀gá. Ṣùgbọ́n àwa jí i pé. Ìwọ, iwájú rẹ̀ lo jí, o fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Ká ní o jí i tán ni, Ládòkun ì bá ti wọ aṣọ rẹ̀ lọ."

Ó tún gbé ìfági rẹ̀. Ó ti dárí jì mí, ó ní, nítorí Ọlọ́run. Ó dùn mí ju èébú lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, tí ojú ń kán yín láti di ọ̀gá, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kò pọ̀. Ohun tí ọ̀gá yín ń ṣe tí ẹ rò pé kò nítumọ̀, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ìbéèrè kì í gbówó lọ́wọ́ èèyàn.

Aṣọ náà wà lọ́dọ̀ mi. Ìyá Sódìq ló ní kí wọ́n gbé e fún mi, ó ní ilé àwọn kò gbà á mọ́, kí ẹni tó gé e máa tọ́jú rẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ ní kí n má gbé e wọ yàrá òun. N kò jẹ́ fọ̀ ọ́, kí omi Sàmúsámù má bàa lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, mo máa ń sá a sí oòrùn, màá tún ká a bí Alhájì ṣe ká a, ihò á bá ihò mu. Lẹ́yìn náà màá gbé e dání, màá dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù. Káfíńtà ni mí, n kò sì rí ibi tí mo lè gbé e sí.